Káàdì Ọmọ Rẹ Dà? Ẹ̀kọ́ Lórí Àjẹsára àti Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ìwé pélébé kan. Ìwé náà ni káàdì tí nọ́ọ̀sì máa ń fún ìyá ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbé ọmọ tuntun rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ní ilé mìíràn, inú àpótí ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú ìwé ìbatisí àti ìwé ìgbéyàwó. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ ti fi ya àwòrán, eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí ohun tí a kọ sí i kẹ́yìn. Bí mo bá bi yín pé, "Káàdì ọmọ rẹ dà?", mélòó nínú yín ni yóò lè nawọ́ mú un kí n tó ka ogún?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà "àjẹsára" sílẹ̀, kì í ṣe àwọn òyìnbó. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ilẹ̀ yìí rárá ni àwọn àgbà ti mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn jẹ ohun kan sí ara ṣáájú ọjọ́ ibi, kí ibi náà má baà rí i gbé ṣe nígbà tí ó bá dé. Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n jẹ sára ni ó ṣiṣẹ́. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá ń pariwo pé ọgbọ́n àjèjì ni àjẹsára kò fetí sí èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Àní, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àjàkálẹ̀ ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1721, ọ̀rọ̀ ẹrú kan tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ni ó ṣí ojú àwọn aláwọ̀ funfun níbẹ̀. Òun ni ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, pé ní ìlú òun wọ́n máa ń fi díẹ̀ nínú oje ìgbóná sí ojú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àrùn náà má baà pa á bí ó bá dé. Ọdún 1796 ni Edward Jenner, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá fi oje àrùn màlúù ṣe ti tirẹ̀, èyí tí ewu rẹ̀ kéré jọjọ sí ti àkọ́kọ́.

Àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún láàárín yín mọ ohun tí ìgbóná jẹ́. A kì í pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Olóde ni à ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, nítorí ìbẹ̀rù. Bí ó bá wọ agbo ilé kan, ilé náà di ahoro. Bí ó bá sì fi ẹnìkan sílẹ̀ láàyè, ó lè fọ́ ọ lójú. Àwọn aborí Ṣànpọ̀nná ni wọ́n ń sin òkú rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó ẹrù ẹni tí ó kú lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí wọ́n bí ní Sàró, Dókítà Oguntọ́lá Sàpárà, wọ inú ẹgbẹ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun í ṣe, kí ó lè mọ àṣírí wọn. Ó sì jábọ̀ fún ìjọba pé àwọn kan nínú wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà káàkiri. Ìjọba sì fi òfin dá ìsìn náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin nìkan kò lè lé ìgbóná lọ. Abẹ́rẹ́ ni ó lé e lọ. Àwọn wolé-wolé àti àwọn tí wọ́n ń bupá kò fi ọjà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibùdókọ̀ ojú irin kan sílẹ̀. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti gbé ìjà náà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú agbára tí a kò rí irú rẹ̀ rí, nígbà tí ó sì di ọdún 1970, a rí ti ìkẹyìn rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní ilé ayé pátápátá. Ẹ wo apá ìyá yín àgbà, ẹ ó rí àpá náà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń bí nísinsìnyí kò ní i, nítorí pé ọ̀tá tí a torí rẹ̀ kọ ọ́ sí ara kò sí mọ́.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀. Ìlú kan wà tí kò jìnnà sí wa rárá, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ní gbogbo ayé mọ̀ ju bí àwa aládùúgbò rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú náà. Àwa mọ̀ ọ́n fún ogun Kírìjì, àti fún àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886. Àwọn dókítà ní London àti ní India mọ̀ ọ́n fún nǹkan mìíràn.

Ní ọdún 1956 ni dókítà ọ̀dọ́ kan, David Morley, dé sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n dá ọsibítù náà sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi iyì fún ẹni tí iyì tọ́ sí. Ó ti di apá kan ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí. Dókítà yìí rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù, ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wọn tán kí wọ́n tó dé. Ó wá pinnu pé dípò kí òun jókòó de ikú ní Iléṣà, òun yóò lọ wo ìyè níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1957 sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀, tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti oṣù dé oṣù. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń kọ àìsàn tí ó bá ṣe wọ́n sílẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé ohun tí ń pa ọmọ wa kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Èéyi ni, ikọ́ líle ni, òtútù àyà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, ibà ni, pẹ̀lú àìjẹun-tó tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́ta tí wọ́n kú léraléra ni a ń pè ní ìyá àbíkú. A ń kọ àpá sí ara òkú ọmọ, a ń sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, a ń sọ èkejì ní Dúrójaiyé. Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi àwọn òbí náà ṣẹ̀sín. Ẹkún wọn kì í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fi hàn pé àwọn àrùn tí ó ní orúkọ, tí wọ́n sì ní ìdènà, ni wọ́n ń mú àwọn ọmọ náà lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run kankan.

Ibẹ̀ náà ni káàdì ti wá. Morley ya ìlà méjì tí wọ́n ń gòkè sórí ìwé kan, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì máa fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ ní oṣooṣù. Bí àwọn àmì náà bá ń gòkè ní àárín ìlà méjèèjì, ara ọmọ ń dá. Bí wọ́n bá dúró lójú kan tàbí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ìwé rí i ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ọsibítù ni kí ó máa tọ́jú káàdì náà, nítorí pé àwọn ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Morley kọ̀, ó ní ìyá ni ó ni ọmọ, ìyá ni kí ó ni káàdì. Ó fi í sínú àpò ọ̀rá, ó fi í lé wọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin oko àti obìnrin ọjà wọ̀nyẹn sì tọ́jú rẹ̀ dáradára ju bí ọ̀pọ̀ ọsibítù ti í tọ́jú ìwé tiwọn lọ. Láti ibẹ̀ ni káàdì náà ti lọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí ó wà nínú àpótí yín, tàbí tí eku ń jẹ, ọmọ-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ó yẹ kí ó máa wù wá.

Ohun kejì tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé jáde ni ti èéyi. Nígbà náà, ní ìlú òyìnbó, àwọn òbí ka èéyi sí àìsàn kékeré tí ọmọ yóò ṣe lọ́sẹ̀ kan tí yóò sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Morley kọ̀wé sí wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni lọ́dọ̀ tiwa, pé nínú ogún ọmọ tí èéyi bá mú, ó lè pa ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé àwọn tí kò pa yóò gbẹ, wọn kì yóò sì rí ẹran ara wọn padà títí oṣù mélòó kan. Ní àkókò náà gan-an, John Enders àti Samuel Katz ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe àjẹsára èéyi. Katz fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, àwọn ọmọ ẹkùn Iléṣà sì wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba á, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tiwọn ní ọdún 1963. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín ní ọjà pé ohun tí a kò mọ̀ rí ni wọ́n ń fún ọmọ wa, ẹ lè sọ fún un pé a ti mọ̀ ọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa fún ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àjẹsára ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé nígbà ogun, ìlú tí ó bá ti rí aṣọ ọ̀tá rí, tí ó sì mọ ìlù rẹ̀, kì í sùn nígbà tí ó bá gbọ́ ìlù náà lẹ́ẹ̀kejì. Ara ọmọ ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Àjẹsára ń fi kòkòrò àrùn tí a ti sọ di aláìlágbára, tàbí tí a ti pa, tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan péré, hàn wọ́n. Wọn yóò dìde sí i, wọn yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀ láìsí wàhálà ńlá, wọn yóò sì máa rántí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ara ọmọ fi lè gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́, tí ojú ibẹ̀ sì lè wú. Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń sá eré ìdárayá. Nọ́ọ̀sì yóò sọ ìwọ̀n parasitámọ̀ọ̀ tí ó tọ́ fún ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹlòmíràn a máa béèrè pé, kí ni ìdí rẹ̀ tí a kò fi fún ọmọ ní gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí a lè sinmi? Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá ni. Ẹ wo ti èéyi. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ìyá rẹ̀ ti fún un ní díẹ̀ nínú ọmọ ogun tirẹ̀, àwọn wọ̀nyí a sì máa ṣọ́ ọ fún oṣù mélòó kan. Bí a bá fún un ní àjẹsára èéyi nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìyá ni yóò pa àjẹsára náà, ara ọmọ kì yóò sì kọ́ ohunkóhun. Nígbà tí ó bá fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án, ti ìyá ti lọ tán, ọmọ wà láìlódi, àkókò sì tó. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n gbà á ní oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bí márùn-dín-láàádọ́rùn-ún ni yóò mú ẹ̀kọ́ náà. Nítorí àwọn yòókù ni a ṣe ń padà ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ìyá wa ń sáré lọ. Ọmọ ṣì jẹ́ tuntun, ẹ̀bùn ìsọmọlórúkọ ṣì wà nílẹ̀, ìyá-ọkọ ṣì wà nílé tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, a padà sí oko, a padà sí ọjà. Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, ọmọ ń rá, ó ń pe "màmá", ó ti dà bí ẹni pé ewu ti kọjá. Ẹ kò sì gbọ́ pé èéyi ni àrùn tí ó ń ràn kíákíá ju gbogbo àwọn yòókù lọ: ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní in lè kó o ran ọmọ méjìlá sí méjìdínlógún tí wọn kò ní àjẹsára. Ẹ̀mí ni ó ń bá rìn. Yàrá tí ẹni tí ó ní in ti jáde kúrò, ó ṣì lè ran ènìyàn níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi sọ pé bí nǹkan bí márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ kò bá gba á, èéyi yóò máa rí ọ̀nà wọ ìlú. Ìyá tí kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ ní oṣù mẹ́sàn-án kò fi ọmọ tirẹ̀ nìkan sínú ewu. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọ oṣù márùn-ún tí ó wà ní ilé kejì, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó láti gbà á.

Fún àwọn tí wọn kò ní ẹni tí yóò kà á fún wọn, bí ètò ti rí ní Nàìjíríà nìyí. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, tàbí ní kété lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí ó gba ti ikọ́ fée, tí í fi àpá kékeré sílẹ̀ ní apá òsì, pẹ̀lú ti àrùn ẹ̀dọ̀, àti ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn márùn-ún pa pọ̀, tí ikọ́ líle àti tẹ́tánọ́ọ̀sì wà nínú wọn, pẹ̀lú ti òtútù àyà, àti ti rọpárọsẹ̀, àti ti ìgbẹ́ gbuuru tí ó dé ní ọdún 2022. Oṣù mẹ́sàn-án ni ti èéyi, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti yínrùnyínrùn. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láti oṣù kẹfà ni a ti ń fún ọmọ ní fítámì A ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí ojú rẹ̀ àti nítorí agbára ara rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án náà ní tiwọn láti ọdún 2023, èyí tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún ni ní àwọn wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ìwé rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn kan léraléra lẹ́nu àwọn ìyá, pàápàá àwọn tí wọ́n ń ti abúlé wá. Wọ́n á ní, "Fádà, mo san owó ọ̀kadà, mo dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ mo rí oògùn náà nínú àpótí yìnyín." Ẹ má ṣe rò pé ìwà ìkà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà sọ ọ́ kò dára. Ìgò kékeré kan ti èéyi tàbí ti ikọ́ fée wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ, mẹ́wàá lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí a bá ti po ó mọ́ omi rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn èyí a ó dà á nù. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí i fún ọmọ kan, ti ọmọ mẹ́sàn-án yóò ṣòfò. Bákan náà, àwọn oògùn wọ̀nyí kò fẹ́ ooru. Láti ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe wọ́n títí dé Òkukù, inú òtútù ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì mọ bí iná mànàmáná wa ti rí. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, kí ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín jọ jẹ́ ẹgbẹ́ sì jọ lọ. Ìyá mẹ́fà tàbí méje láti abúlé kan lè jọ dá owó ọkọ̀, nọ́ọ̀sì yóò sì fi ìdùnnú ṣí ìgò. Mo sì ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń ka ìwé yìí, tí mo mọ̀ pé wọn kò kéré láàárín wa: ìyá tí a bá já mọ́ lójú lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá. Ẹ ṣàlàyé fún un.

Ọ̀rọ̀ àhesọ pọ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi í dín ọmọ wa kù ni. Ní ọdún 2003, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú kí wọ́n dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní ìpínlẹ̀ Kánò fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Kí a sòótọ́, ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn náà ní gbòǹgbò: ní ọdún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ yínrùnyínrùn, ilé iṣẹ́ oògùn kan láti òkè òkun ti dán oògùn rẹ̀ wò lára àwọn ọmọ Kánò, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni ó ń sá fún kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ láti Nàìjíríà rin ìrìn-àjò kọjá Áfíríkà títí ó fi dé Indonesia ní ọdún 2005, àwọn ọmọ tí wọn kò mọ Kánò lójú àlá sì di arọ. Nígbà tí àwọn aṣáájú padà fọwọ́ sí i, tí àwọn ìyá sì padà gbé ọmọ wá, a rí ti ìkẹyìn kòkòrò àdáyébá náà ní Bọ̀nọ̀ ní ọdún 2016, a sì kéde Áfíríkà ní òmìnira kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Oríṣi kan tí ó ti ara oògùn ẹnu jáde ṣì ń rìn káàkiri níbi tí àwọn tí wọ́n gbà á kò bá pọ̀, nítorí náà kò tíì yá láti sinmi. Ní ọdún 2023, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọmọ Nàìjíríà tí wọn kò gba ẹyọ kan nínú abẹ́rẹ́ àárùn-ún-pa-pọ̀ yẹn.

Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀wé láàárín wa bi mí ní ìbéèrè mìíràn, pé àwọn àjẹsára kan wà tí a ṣe pẹ̀lú ohun tí orísun rẹ̀ jìnnà lọ sí oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Òótọ́ ni nípa díẹ̀ nínú wọn, kì í ṣe gbogbo wọn. Ìjọ Mímọ́ ti dá wa lóhùn ní Róòmù ní ọdún 2005 àti ní oṣù kejìlá ọdún 2020: níbi tí kò bá ti sí òmíràn tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbà á láti dáàbò bo ẹ̀mí kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ ìgbàanì náà, bí ó tilẹ̀ tọ́ kí a máa bẹ àwọn tí ń ṣe oògùn pé kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí-ọkàn yín ṣe ìdíwọ́ fún ìlera ọmọ yín.

Àjẹsára nìkan kò tó. Ẹ máa gbé ọmọ lọ sórí ìwọ̀n ní oṣooṣù, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú ìyá nìkan ni kí ó mu, láìsí omi àti láìsí àgbo. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà yóò kọ̀ mí lójú lórí èyí, nítorí òùngbẹ tí wọ́n rò pé ó ń gbẹ ọmọ. Omi wà nínú ọmú. Omi ìta ni í gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì dé, ẹ má ṣe dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró. Ẹ wá iyọ̀-òun-ṣúgà inú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a fi ọ̀bẹ ré lórí, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, sínú omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, tí ó jẹ́ lítà kan. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ìhà rẹ̀ ń wọlé, bí kò bá lè mu ọmú mọ́, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé tí kò sì tọ̀, ẹ má ṣe dúró de ìdájí, ẹ má sì dúró de èmi láti wá gbàdúrà. Ẹ gbé e lọ. Èmi yóò bá yín níbẹ̀.

Ẹ̀yin baba ọmọ, títí di ibí yìí ni ẹ ti ń rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo ń sọ. Ta ni ó ni owó ọkọ̀? Ta ni ìyàwó ń béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kúrò ní oko lọ́jọ́ iṣẹ́? Nígbà tí ẹ bá wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìbatisí, tí Ìjọ fẹ́ kí ó wáyé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, èmi yóò máa béèrè káàdì náà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ìyá. Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní tìtorí rẹ̀ dá ìbatisí dúró. Kò sí òfin tí ó fún mi láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. N kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ó wà.

Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá, kí ìtìjú má ṣe mú yín jókòó sílé. Ọmọ tí ó gba ti ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ti ìkẹwàá, tí kò gba ti ìkẹrìnlá, a kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ibi tí ó dúró sí ni nọ́ọ̀sì yóò ti bá a lọ. Ọmọ tí ó ti pé ọdún kan láìgba ti èéyi ṣì lè gbà á. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti gba ti àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, wọn yóò wá orúkọ ọmọ yín, wọn yóò sì kọ òmíràn fún yín. Ẹ mú ọjọ́ ìbí ọmọ náà lọ́wọ́ lọ, àti aṣọ tí yóò mú òtútù ìwọ̀n kúrò lára rẹ̀.